Ṣé kí n fá irun ajá mi ni, àbí kí n jẹ́ kó gùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Gáà Àkànbí ní Ìlọrin ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. A ní ajá Lhasa kan nílé, Tanímọ̀la lorúkọ rẹ̀, ó ti pé oṣù mọ́kànlá. Láti kékeré ni irun rẹ̀ ti ń dán, ṣùgbọ́n láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ló ti ń ta kókó. Àwọn ìbejì mi wẹ̀ ẹ́ ní Sátidé tó kọjá, ó wá burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bàbá wọn ní kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ bábà àdúgbò wa kó fá a kodoro, pé ooru ń pa á, pé irun rẹ̀ sì ń bọ́ sórí ẹní ìkírun. Táyé ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fá a, ó fẹ́ kó gùn dé ilẹ̀ bí èyí tó rí nínú fóònù. Kẹ́hìndé ò tiẹ̀ dá sí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Orúkọ ajá yín pa mí lẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé ẹni tí ẹ fi ń pòwe fún láàárín àdúgbò á ti gbọ́ ọ.

Ẹ má fá a kodoro, ẹ má sì ṣèlérí irun tó ń wọ́ nílẹ̀ fún Táyé. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e kó kù bí íǹṣì kan lára, kí ti etí àti ìrù gùn díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa tún un gé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Kì í ṣe ooru ló mú mi sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣe ẹwà. Ọwọ́ tí yóò máa di òòyà mú nílé yín ni mo ń wò. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé e jáde, nǹkan kan wà tí ẹ ní láti fi ọwọ́ ara yín yẹ̀ wò lónìí, torí ó lè yí ìdáhùn mi padà.

Ẹ jókòó, kí ẹ gbé e lé itan. Ẹ ti ìka bọ inú irun rẹ̀ títí ìka yóò fi kan awọ. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí, kí ẹ lọ sí abíyá méjèèjì, ibi tí okùn ọrùn ń há, abẹ́ itan, ìdí ìrù, àti àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àwọn ibi tí ara ti ń gbo ara nìyẹn, ibẹ̀ sì ni kókó ti ń bẹ̀rẹ̀. Bí kókó náà bá dá dúró, tí ẹ lè fi ìka méjì gbá a mú kí ẹ sì rí awọ lábẹ́ rẹ̀, òòyà á tú u. Bí ó bá ti hun pọ̀ bí ẹní, tí ìka ò ráyè dé awọ mọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá òòyà níbẹ̀ yẹn, ẹ má fi fífà dá ẹranko lóró. Irun tó ti hun báyìí ń fa awọ ní gbogbo ìgbà tó bá gbé ẹsẹ̀. Omi tó bá wọ abẹ́ rẹ̀ kì í tètè gbẹ, awọ ibẹ̀ á pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, eégbọn á sì fi ibẹ̀ ṣe ilé láìjẹ́ kí ẹ rí i.

Ìdí tí èyí fi lè yí ìdáhùn padà ni pé kílípà kò lè fò kókó. Kóòmù tí wọ́n ń fi sí ẹnu kílípà kí irun lè kù bí íǹṣì kan, inú irun tó ti tú nìkan ló ń gbà kọjá. Ibi tí kókó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ, abẹ́ kókó náà ni irin ní láti gbà, ìyẹn ni pé ibẹ̀ yóò kúrú gan-an. Bó bá jẹ́ ibì kan tàbí méjì ni, kí wọ́n mú ibẹ̀ nìkan kúrò, kí ìyókù wà ní íǹṣì kan. Bó bá jẹ́ gbogbo ara ni, kí wọ́n gé gbogbo rẹ̀ kúrú lẹ́ẹ̀kan yìí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àánú ni ìyẹn jẹ́, kì í ṣe ìyà. Irun Lhasa ń hù bí ìdajì íǹṣì lóṣù, nítorí náà kò ní pẹ́ púpọ̀ tí ara rẹ̀ yóò fi bò.

Ẹ má bá àwọn ọmọ wí nípa ìwẹ̀ Sátidé. Ṣé ẹ rántí bí okùn tó ta kókó ṣe máa ń le bó bá mu omi tó sì tún gbẹ? Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Òòyà ló ń ṣáájú omi. Ajá tí a kò bá tíì ya irun rẹ̀ délẹ̀, a kì í wẹ̀ ẹ́, àfi bó bá ṣubú sí gọ́tà. Oṣù mọ́kànlá tó wà yìí náà sì ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí oṣù mẹ́rìnlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni irun ọmọ ajá ń kúrò tí ti àgbà ń rọ́pò rẹ̀, méjèèjì á sì máa lọ́jú pọ̀ mọ́ra wọn. Ìtọ́jú tó tó o nígbà tó wà ní oṣù márùn-ún kò lè tó o mọ́ báyìí. Lásìkò yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbé Lhasa wọn wá bá mi, tí wọ́n á ní ẹni tó tà á fún wọn tan àwọn jẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá kan bàbá wọn lára díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ọ̀rọ̀ ooru tí wọ́n sọ, mo mọ ohun tí wọ́n rí. Oòrùn oṣù kẹta nílùú wa kì í ṣeré, ajá á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ lórí táìsì. Ṣùgbọ́n ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Ẹnu àti ahọ́n ló fi ń tu ara rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Nítorí náà, fífá irun rẹ̀ kò rí bí ìgbà tí èèyàn bọ́ agbádá. Irun tó mọ́, tí kò ta kókó, ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ara, ó sì ń dá oòrùn dúró kó má jó awọ. Bí ẹ bá fá a dé awọ, tó sì jáde sí oòrùn ọ̀sán, awọ rẹ̀ á jó. Ohun tó ń gba ajá lọ́wọ́ ooru ni omi tútù ní gbogbo ìgbà, ibòji, ilẹ̀ táìsì, àti kí ẹ máa mú un rìn ní òwúrọ̀ kùtùkùtù tàbí lẹ́yìn tí oòrùn bá ti wọ̀.

Ti ẹní ìkírun náà: irun Lhasa pé méjì. Ti òkè gùn, ó sì wúwo. Ti abẹ́ rọ̀ bí òwú. Òwú abẹ́ yìí, bó bá já, kì í sáábà jábọ́ sílẹ̀ bíi ti ajá ìbílẹ̀ wa, inú irun òkè ló máa ń há sí, òun náà ló sì ń di kókó. Bí ẹ bá ń yà á jáde ní ìta, inú òòyà ni yóò bọ́ sí, kò ní dé pálọ̀. Fífá kò yanjú ìyẹn. Irun kúkúrú náà ń já, ó sì máa ń gún wọ inú ẹní bí abẹ́rẹ́, tí ìgbálẹ̀ kò ní lè kó o. Ní ti bóyá irun ajá lórí ẹní ba ìrun jẹ́, ẹ bi àfáà yín. Iṣẹ́ tèmi kò dé ibẹ̀.

Àwòrán tí Táyé rí kì í ṣe irọ́ o. Orí òkè Tibet, níbi tí òtútù ti ń mú gidigidi, ni ẹ̀yà ajá yìí ti wá, ó sì pẹ́ tí wọ́n ti ń tọ́ ọ nínú àwọn ilé ẹ̀sìn ibẹ̀ kó máa ṣọ́ inú ilé. Ìdí nìyẹn tí Tanímọ̀la fi ń gbó mọ́ gbogbo ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn. Ní 1933 ni Dalai Lama kẹtàlá, olórí ẹ̀sìn Tibet, fi méjì ta ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Cutting lọ́rẹ, nígbà tó sì di 1935, ẹgbẹ́ tó ń fi orúkọ ajá sílẹ̀ lọ́hùn-ún ti gbà á wọlé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé e lọ síbi ìdíje, tí wọ́n ń la irun rẹ̀ ní ìlà kan ṣoṣo láti orí dé ìrù. Ṣùgbọ́n ajá tó ní irú irun bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ òòjọ́ ẹnì kan ni. Wọ́n ń fi ìwé wé irun náà kó má baà já, kò sì sí ẹni tó ń jẹ́ kó sáré wọ inú koríko. Nílé yín, irun gígùn dé ilẹ̀ túmọ̀ sí ìdajì wákàtí pẹ̀lú òòyà lójoojúmọ́, àti lọ́jọ́ ìdánwò àti lọ́jọ́ tí iná kò sí. Irun íǹṣì kan túmọ̀ sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹ bi Táyé léèrè èyí tó lè ṣe, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn.

Nígbà tí mo ṣì wà lórí fífá: bí aládùúgbò kan bá ní Eskimo, ẹ̀yà ajá onírun funfun kíki yẹn, tó fẹ́ mú tẹ̀lé yín lọ fá, ẹ bá mi dá a dúró. Ti Lhasa, bí wọ́n bá tilẹ̀ ṣi í gé, yóò hù. Eskimo yàtọ̀. Irun tirẹ̀ kì í dàgbà láìdúró, ó máa ń dé ibi tó yẹ kó dé ni, ó sì máa ń dúró. Bí a bá fá a, ó lè pẹ́ kó tó padà, ó lè hù ní ibì kan kó má hù ní ibòmíì. Mo ti rí èyí tó lo ọdún kan gbáko pẹ̀lú ẹ̀yìn tó rí bí ẹní gbígbó. Yíyà nìkan ni ti Eskimo, kí wọ́n sì gé ti àtẹ́lẹsẹ̀ àti ti ìdí.

Bábà àdúgbò ńkọ́? Mi ò ní bú u, iṣẹ́ orí èèyàn ló mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀tàn kan wà nínú nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lórí kóòmù kílípà ti èèyàn, bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni irun tó kù ń gùn: 1 ń fi bí mílímítà 3 sílẹ̀, 4 ń fi bí 13, 8 ń fi bí 25, tó jẹ́ íǹṣì kan. Lórí irin kílípà ti ajá, ó yí padà. Bí nọ́ńbà bá ṣe pọ̀ ni irun ń kúrú: 4 ń fi bí mílímítà 9 sí 10 sílẹ̀, 7 ń fi bí 3, 10 ń fi bí 1.5 péré. Ẹ wá ro bó ṣe máa rí nígbà tí ẹni kan bá kà á lórí fóònù pé «nọ́ńbà 10» tó sì rò pé irun gígùn ni. Ẹ má sọ nọ́ńbà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ fi ìka yín hàn án: kó gùn tó báyìí. Kílípà orí èèyàn tún máa ń há sínú irun ajá, á gbóná, á sì jó o lábẹ́ ikùn níbi tí awọ ti fẹ́lẹ́. Lápálápá náà ń gbé ara kílípà kọjá láti orí sí orí, láti ajá sí ọmọ yín, láti ọmọ yín sí ajá. Ẹni tó bá máa gé e, kó ní kílípà tí wọ́n fi ń gé irun ẹran nìkan, kó máa fi irin náà kan ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mọ bó ṣe gbóná tó, kó sì béèrè káàdì àjẹsára dìgbòlugi kó tó fọwọ́ kan ajá yín. Èyí tí kò bá béèrè, ẹ rò ó wò pé kò béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ṣáájú yín náà.

Sísọ́ọ̀sì ilé, ẹ jọ̀ọ́. Ọgbẹ́ tí mo ti rán jù lára ajá kékeré kì í ṣe ti ìjà, ti sísọ́ọ̀sì ni. Bí ẹ bá fa kókó sókè, awọ á tẹ̀lé e, á dúró bí àgọ́ nínú irun náà, ojú kò ní rí i, ẹ ó sì gé e mọ́ irun. Bó bá jẹ́ dandan kí ẹ gé kókó kan fúnra yín, ẹ ti òòyà onírin sáàárín awọ àti kókó náà, kí ẹ gé e lórí òòyà. Bí òòyà kò bá ráyè wọlé, ẹ ti mọ̀ pé iṣẹ́ yín kọ́ nìyẹn. Réésà, ẹ má mú un súnmọ́ ọn.

Etí nìkan ni mo tún fẹ́ kí ẹ ṣọ́ lẹ́yìn gígé. Bí kókó tó wúwo bá kúrò lára etí lójijì, ara ajá á yá, á máa gbọn orí, etí á máa gbá ara, ẹ̀jẹ̀ sì lè dà sáàárín awọ etí, tí yóò wú bí àkàrà. Bí ẹ bá rí i bẹ́ẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ mú un wá. Bó bá sì jẹ́ pé gbogbo ara ló ti hun, tó ń gé èèyàn jẹ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ má mú un lọ sọ́dọ̀ ẹni tó máa dè é mọ́lẹ̀. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹran, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìlọrin, kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn díẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Oògùn oorun tiyín kọ́ o.

Ó wá kù bí a ṣe ń yà á. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá òkè irun, á máa dán, inú rẹ̀ á sì ti di dàdá. Ẹ̀yin tí ẹ ń di irun àwọn ọmọ yín ti mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ kàn ń lò ó fún ajá ni. Bí ẹ ṣe ń la irun kí ẹ tó di ṣùkú, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ là á ní ìlà kan kí awọ hàn. Ẹ fi ọwọ́ kan tẹ irun òkè mọ́lẹ̀, kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ya èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá jẹ́ kí ìlà kejì bọ́ sílẹ̀ lé e. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀, kí ẹ máa gòkè bọ̀ sí ẹ̀yìn. Ẹ fi omi tí ẹ po mọ́ kọndíṣọ́nà díẹ̀ wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ kó tó di yíyà, torí irun gbígbẹ máa ń já. Kókó kékeré, láti orí rẹ̀ ni ẹ ó ti máa tú u wọ ìdí, kí ẹ di ìdí irun náà mú kí awọ má baà mọ fífà. Nígbà tí ẹ bá rò pé ẹ ti ṣe tán, ẹ ti òòyà onírin bọ ìdí irun, kí ẹ fà á jáde. Bó bá há níbì kan, ẹ kò tíì ṣe tán.

Ìwẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ti tó. Awọ ajá fẹ́lẹ́ ju tiwa lọ. Ọṣẹ ìfọṣọ kò dára fún un, ọṣẹ dúdú náà kò dára, bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ fún ara mi tó. Eérú tó wà nínú rẹ̀ le jù fún un. Ṣampú ajá ni kí ẹ lò. Ẹ wẹ̀ ẹ́ ní òwúrọ̀ kí oòrùn bá a, kí ẹ fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ omi jáde lára rẹ̀, ẹ má fi táwẹ́ẹ̀lì gbo ó, torí gbígbo ló ń dá kókó sílẹ̀. Kó gbẹ délẹ̀délẹ̀. Ti eégbọn, oògùn tí dókítà ẹran bá wọn fún ìwúwo rẹ̀ ni. Kẹrosíìnì ń jó awọ, ọ̀tàpiàpià ń pa ajá, ajá tó ń fi ahọ́n lá ara rẹ̀ ní gbogbo ìgbà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé.

Nígbà ọyẹ́, irun á gbẹ, á máa fò, á sì rọrùn fún un láti já. Kọndíṣọ́nà tí mo sọ yẹn ló ń ràn án lọ́wọ́. Òrí tí gbogbo wa ń fi pa ara ní Kwara, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tó bá sán nìkan ni kí ẹ fi pa, díẹ̀ báyìí. Ẹ má fi pa irun, torí eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ ó sì ní ẹní tuntun. Bí ó bá wọ inú igbó lẹ́yìn ilé, ẹ yọ eèmọ́ lára rẹ̀ kó tó di alẹ́, pàápàá ní àárín ìka ẹsẹ̀. Eèmọ́ kan tó bá sùn síbẹ̀, bó bá fi di ọjọ́ kẹta, kókó ló ti ní láti tú.

Ojú rẹ̀ nìkan ni mi ò gbà kí ẹ fi du ẹwà. Irun tó bá ń wọnú ojú yóò máa gbo ó, omi á máa dà, ojú á pọ́n. Ẹ lè fi rọ́bà rírọ̀ so ti iwájú orí sókè bí òṣù, Táyé á fẹ́ràn ìyẹn, ó kéré tán ó ti rí irun gígùn díẹ̀. Tàbí kí wọ́n gé e kúrú yípo ojú, pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ ṣe róbótó, tí kò sì kọjú sí ẹyinjú. Bí ojú bá pọ́n ju ọjọ́ méjì lọ, ọ̀rọ̀ irun kọ́ mọ́, ẹ mú un wá.

Kẹ́hìndé tí kò dá sí i yẹn, òun ni kí ẹ gbé òòyà lé lọ́wọ́ lákọ̀ọ́kọ́. Èyí tó ń pariwo nínú ilé, ọjọ́ mẹ́ta ló sábà máa ń fi yà á. Ẹ jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún nìkan bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ òní, ìṣẹ́jú márùn-ún, pẹ̀lú ẹja gbígbẹ kékeré kan lọ́wọ́ kejì.